Mo fẹ́ máa wọ Raspberry Pi tó wà lóko láti ilé, kò gbà

Ará Kubwa
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Mo gbé Raspberry Pi kan, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, sí oko adìyẹ wa ní Kuje, òun ló ń ka bí inú ilé adìyẹ ṣe gbóná tó, òun náà ló ń tan fáànù, módẹ́ẹ̀mù 4G oní síìmù ló fi ń rí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí mo bá wà lóko lórí Wi-Fi kan náà pẹ̀lú ẹ̀, SSH tí mo fi ń wọ inú ẹ̀ láti orí láptọ́ọ̀pù mi wọlé wẹ́rẹ́. Tí mo bá ti délé ní Kubwa báyìí, ó tán. Mo ti ṣí port 22, ẹnu ọ̀nà tí SSH ń gbà wọlé, lórí módẹ́ẹ̀mù, mo wo IP ẹ̀, ìyẹn àdírẹ́sì ẹ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, mo rí 100.72, mo tẹ̀ ẹ́, ó kàn ń yí ṣáá ni títí á fi sọ pé time out. Lọ́jọ́ Sátidé fáànù ò tan, mi ò mọ̀, kí n tó débẹ̀ adìyẹ mọ́kànlá ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mi ò ṣe dáadáa?

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná
Pẹ̀lẹ́ o àbúrò, ó dùn mí. Kò sí nǹkan tí o ṣe tí ò dáa. Wo IP yẹn, àwọn tó wà láti 100.64 dé 100.127, àdírẹ́sì abẹ́lé nẹ́tíwọ̀kì ni, CGNAT ni wọ́n ń pè é. Ṣe o mọ kọ́ńpáùn tí ogún ìdílé ń gbé tí géètì ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan? Ẹni tó bá tinú ilé jáde, màígádì á rántí ẹ̀ tó bá ń padà bọ̀, àmọ́ àlejò tó bá ti ìta wá, màígádì ò mọ yàrá tó ń lọ, á ní kó padà ni. Torí náà port tí o ṣí lórí módẹ́ẹ̀mù ò lè ṣe nǹkan kan, géètì ńlá yẹn ò sí lọ́wọ́ ẹ, ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó ni síìmù ló wà. Pi fúnra ẹ̀ ni kó máa jáde wá bá ẹ. Fi Tailscale, áàpù tó ń so àwọn ẹ̀rọ ẹ pọ̀ bíi pé orí nẹ́tíwọ̀kì kan náà ni wọ́n wà, sórí ẹ̀, fi sórí láptọ́ọ̀pù ẹ náà, akáúńtì kan náà ni kó o fi wọlé lórí méjèèjì. Òun náà á fún ẹ ní IP tó fi 100 bẹ̀rẹ̀, má jẹ̀ẹ́ kíyẹn dà ẹ́ láàmú, ìyẹn ni kó o máa fi ṣe SSH.

Ìyá Wálé, Zaria
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì oko á ṣì máa já, SSH á sì gan pa mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ fi mosh kún un, iṣẹ́ SSH náà ló ń ṣe, àmọ́ kì í gan tí nẹ́tíwọ̀kì bá já. Bí nẹ́tíwọ̀kì lọ fún ìdajì wákàtí tó padà dé, ibi tẹ́ ẹ ti dúró lẹ máa bá a. Tó bá ń fà, ẹ máa rí ìlà lábẹ́ lẹ́tà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, tí ìlà yẹn bá ti kúrò, ó ti dé ọ̀hún nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe update, inú tmux ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, òun ló ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ lórí Pi bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ já kúrò, kó má lọ dúró láàárín.

Ará Kubwa
Mo padà sí Kuje láàárọ̀ yìí lọ fi gbogbo ẹ̀ sí i. Kubwa ni mo ti ń kọ èyí, ó ti wọlé! Ooru ilé adìyẹ, 33 ló kà, fáànù ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n, tí módẹ́ẹ̀mù fúnra ẹ̀ bá wá gan ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Kàdúná
Fi cron, tó ń ṣe iṣẹ́ fúnra ẹ̀ lákòókò tó o bá dá fún un, sí i kó máa ping, ìyẹn kó máa ké sí íntánẹ́ẹ̀tì wò bóyá á dáhùn, ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí kò bá rí èsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó fi relay, ìyẹn súwíìṣì tí Pi lè tẹ̀ fúnra ẹ̀, pa módẹ́ẹ̀mù kó tún un tàn. Kó o sì wá bàtírì sí Pi yẹn, tí iná bá ń lọ lójijì, káàdì SD ẹ̀ lè bàjẹ́. Ti fáànù yẹn, inú Pi ni kí òfin ẹ̀ wà, kó máa tan fúnra ẹ̀ bí íntánẹ́ẹ̀tì ò tiẹ̀ sí.