Oògùn tí mo ń gún fún ìyá mi

Kàbà ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, tí a sì ń fi àgbo tọ́jú rẹ̀, kí dókítà kan ní Lọ́kọ́jà tó fi ẹ̀rọ wo inú wọn, tó sì sọ pé ọgbẹ́ ló wà lára ìfun ńlá, ulcerative colitis.

Mesalazine ni ó kọ fún wọn. Hóró rẹ̀ tóbi, ọ̀nà ọ̀fun ìyá mi kò sì gbà á, nítorí náà mo ń gún un kúnná, mo ń pò ó mọ́ ògì gbígbóná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò dá.

Apòògùn tí mo lọ bá ni ó là mí lóye. Èpo tí wọ́n fi bo irú hóró yẹn kì í yọ́ nínú omi kíkan inú ikùn. Ìgbà tó bá la ìfun kékeré kọjá, tó gùn tó mítà 6, tí ìwọ̀n pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan sí, sì ti tó 7, tí omi ibẹ̀ kò kan mọ́, ni ó máa ń yọ́, kí oògùn lè tú sórí ọgbẹ́ náà gan-an. Èyí tí mo gún, ìfun kékeré ti fa púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ kó tó dé ibi tí a rán an. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn tú ewé mọ́ínmọ́ín kó tó gbé e sórí iná.

Mo béèrè sulfasalazine, oògùn mìíràn fún àìsàn yìí, èyí tí bakitéríà inú ìfun ńlá fúnra wọn máa ń já ìdè rẹ̀ kí oògùn tó jáde, tí Nanna Svartz, dókítà obìnrin ará Sweden, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1942. Ṣùgbọ́n ara ìyá mi ti kọ Septrin láti ọjọ́ pípẹ́, ìdílé kan náà sì ni méjèèjì.

Dókítà wá fi olómi tí à ń fún sí ìdí kún un, nítorí apá òsì ni ọgbẹ́ náà wà. Èyí ni ó nira jù. Alaalẹ́ ni wọ́n ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, kí oògùn lè ṣàn wọ ibẹ̀, kí wọ́n sì dá a dúró títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní òru àkọ́kọ́ kò pẹ́ tó fi jáde. Ojú ti ìyá mi níwájú ọmọ tí wọ́n bí, mo sì pààrọ̀ aṣọ ibùsùn láìsọ nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ̀jẹ̀ dá. Odindi ni wọ́n ń gbé hóró náà mì báyìí, ògì tútù ni wọ́n fi ń tì í, èmi a sì máa wo ìgbẹ́ wọn, nítorí bí odindi hóró bá jáde síbẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́.