Ẹ bá mi wá pọ́ǹkì tí ẹni tó fẹ́ràn prog lè jókòó gbọ́ dópin

Ọmọ Lágere:
Ẹ kú ilé o gbogbo ilé. Ìbéèrè kan ló wà lọ́kàn mi, ó máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Prog, ìyẹn progressive rock, orin rọ́ọ̀kì gígùn tó máa ń yí padà lójú ọ̀nà, ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Bàbá mi kàwé ní ìlú ọba láyé ìgbà Gowon, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílé àpótí àwo orin méjì ni wọ́n kó wá sí Ifẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ olórin bíi Yes, Genesis, King Crimson, Van der Graaf Generator. Kí n tó mọ ABD tán ni mo ti mọ Close to the Edge ti Yes, nǹkan bí ìṣẹ́jú 18, ojú àwo kan gbáko, wọn kì í sì í jẹ́ ká sọ̀rọ̀ títí abẹ́rẹ́ á fi kúrò lórí àwo. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé orin yẹn ń rìn. Ó gbéra ní Lágere, ó gba Ìrèmọ, ó yà sí kọ̀rọ̀ tí o ò mọ̀ pé ó wà, nígbà tó bá fi máa padà dé Lágere, Lágere gan-an ti yàtọ̀ lójú ẹ.

Àbúrò mi obìnrin ní tiẹ̀, pọ́ǹkì (punk), orin rọ́ọ̀kì kúkúrú tó le tó sì yára, ni, àárọ̀, ọ̀sán, alẹ́. Ramones, Sex Pistols, ìṣẹ́jú méjì orin ti tán, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti gbìyànjú o, tí mo bá gbọ́ mẹ́rin tẹ̀ léra mi ò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá iná ò sí, ooru mú, ó wá ń lu nǹkan yìí láti inú fóònù, mo bá sọ pé ariwo tí ò nílé tí ò lọ́nà ni gbogbo eléyìí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún débi pé kò bá mi jẹun alẹ́. Ó ní láti kékeré lòun ti ń gbọ́ àwo Bàbá nínú ilé yìí, ṣé òun sọ rí pé ó sú òun. Òótọ́ ni, kò sọ ọ́ rí.

Oṣù tó ń bọ̀ ló ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀, ọ̀nà òkè Ọya lọ́hùn-ún. Mi ò fẹ́ kó gbé ọ̀rọ̀ yẹn sínú lọ. Mo ti bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ò gba ẹ̀bẹ̀, kí n lọ wá pọ́ǹkì mẹ́ta tí èmi fúnra mi lè gbọ́ dópin, ká jọ jókòó gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́ kí ló wà? Kó jẹ́ pọ́ǹkì lóòótọ́ o, kó má lọ sọ pé mo gba ẹ̀yìn gbé prog wá fún òun. Dátà mi ò tó nǹkan, ẹ má ka ogún fún mi.

Onísípíkà Sábó:
Ẹgbẹ́ Stranglers! Àwo wọn Rattus Norvegicus, 1977. Ẹ lọ gbọ́ ọ lónìí. Dave Greenfield tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wọn fúnra ẹ̀ sọ pé Rick Wakeman wà lára àwọn tí òun gbọ́ kọ́ṣẹ́, Wakeman tiyín náà nìyẹn, ti Yes. Orin tó kẹ́yìn nínú ẹ̀, Down in the Sewer, ó lé ní ìṣẹ́jú méje, ìpín mẹ́rin ló ní, ó sì ń rìn bí ẹ ṣe wí yẹn. Báàsì ibẹ̀ ń kùn bí ẹ́ńjìnnì lọ́rì, ẹ má fi fóònù lásán gbọ́ ọ, ẹ wá sípíkà gidi. Ẹ tún lọ wá Golden Brown tó wà nínú La Folie ti 1981, ẹ fi ẹsẹ̀ ka ibi tí wọn ò ti kọrin níbẹ̀rẹ̀: mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́rin. Àwọn èèyàn ti ń jó sí i láti ogójì ọdún wọn ò mọ̀ pé ó ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn.

Pọ́ǹkì Nìkan:
Ẹ má bínú bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mi ò fara mọ́ ọn ká máa wá pọ́ǹkì tó gùn kó lè dùn mọ́ yín nínú. Kíkúrú yẹn ni iṣẹ́ ọ̀hún. Onígìtá tó mọ̀ pé òun ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ péré kò ní fi ìkankan ṣòfò, ohun tó bá fẹ́ sọ á sọ ọ́, á dákẹ́. Èyí tó dà bíi pé ẹ ń ṣe ni pé ẹ ń gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan bíi pé òun nìkan ló wà. Ẹ gbé Pink Flag ti Wire, 1977, orin 21 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 35, ẹ má dá a dúró, ẹ má fò ìkankan, ẹ gbọ́ ọ bíi pé ojú àwo Yes ni. Ẹ máa rí i pé òun náà ń rìn, àwọn ibi tó ti ń yà ló kàn sún mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ bá ṣì fẹ́ kíbọ́ọ̀dù, Chairs Missing ti 1978, àwọn Wire yìí náà ni. Harvest ló gbé e jáde, ilé iṣẹ́ àwo tó gbé Pink Floyd jáde.

Ọmọ Lágere:
Pọ́ǹkì Nìkan, ọ̀rọ̀ rẹ wọlé. Mi ò rò ó báyẹn rí, fífò ni mo máa ń fò.

Ọmọ Ọ̀pá:
Green Day ńkọ́? American Idiot, 2004, Jesus of Suburbia inú ẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, ìpín márùn-ún. Àbúrò yín á ti mọ̀ ọ́n.

Pọ́ǹkì Nìkan:
Á ti mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni kò ṣe ní kà á sí wíwá. Ó fẹ́ kí wọ́n ṣe wàhálà ni.

Gìtá Ilódè:
Mo ń lu gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ olórin tó ń jẹ́ Television fún yín torí mi ò rò pé ẹ lè rí èyí tó máa bá yín lára mu tó o. Marquee Moon, 1977, Niu Yọ́ọ̀kì, ilé ọtí CBGB tí Ramones ti ń ṣeré náà ni wọ́n ti jáde, àbúrò yín ò lè ní kì í ṣe pọ́ǹkì. Orin tí wọ́n fi sọ àwo yẹn lórúkọ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Gìtá kan ń sọ ohùn méjì péré, bí ẹni ń kanlẹ̀kùn, èkejì wá já wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí o ò fojú sí, báàsì ò tẹ̀ lé ìkankan nínú wọn, ìlù ò sì tíì sọ ibi tó ń lọ, ó máa ṣe ẹ́ bíi pé wọ́n ṣìnà, àfi ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá so kọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ká mi lára ni pé mo mọ nǹkan yẹn. Ìjókòó àwọn gìtá Sunny Ade ni, ọ̀kan á máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà láìyẹsẹ̀, ọ̀kan á máa dá a lóhùn, ẹnikẹ́ni ò fi ariwo borí ẹnikẹ́ni. Tom Verlaine àti Richard Lloyd ló ń lu gìtá yẹn, ti Verlaine ló gun òkè lọ láàárín orin, ó ń fi ẹsẹ̀ kan lé ẹsẹ̀ kan, kò sáré, títí tó fi dé orí pátápátá tí gbogbo nǹkan tú bí òjò, lẹ́yìn ìyẹn ni ìkanlẹ̀kùn àkọ́kọ́ yẹn tún padà wá. Ọmọ Lágere, ẹ ní Lágere máa ń yàtọ̀ tẹ́ ẹ bá padà dé. Ẹ lọ gbọ́ ìpadàbọ̀ yẹn kẹ́ ẹ wá sọ fún mi.

Màmá Ìbejì:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Èmi wà ní London ní 1977 lóòótọ́, mo ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìjà prog àti pọ́ǹkì tí ẹ ń sọ yìí, ojú ìwé ìròyìn ló ti gbóná jù. Johnny Rotten ti Sex Pistols tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì Pink Floyd tó sì fi bíírò kọ "I hate" sórí ẹ̀, ọdún yẹn náà ni wọ́n pè é sórí rédíò Capital pé kó wá lu àwo tó fẹ́ràn, orin Peter Hammill wà lára ohun tó lù. Hammill ti Van der Graaf Generator tí bàbá yín ní yìí! Nadir's Big Chance ni àwo yẹn ń jẹ́, 1975 ló jáde, gìtá ibẹ̀ le koko, kò ní sùúrù, ó sì ṣáájú àwo Sex Pistols àkọ́kọ́ lọ́dún méjì. Ọmọ Lágere, ẹ yẹ àpótí bàbá yín wò dáadáa, ẹni tó ra Van der Graaf lè ti ra òun náà.

Ti The Damned tún wà. Àwọn ló kọ́kọ́ gbé àwo pọ́ǹkì odidi jáde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe èkejì, Syd Barrett tó wà lára àwọn tó dá Pink Floyd sílẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kó bá wọn darí ẹ̀, kò ṣeé ṣe, Nick Mason onílù Pink Floyd ló wá ṣe é. Àwo yẹn ò ta, kò sì dùn tó bẹ́ẹ̀ lójú tèmi. Àmọ́ ẹ wo ti 1980, The Black Album, Curtain Call gba ìṣẹ́jú 17. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ o. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí àbúrò yín rò pé ọgbà méjì ni, àárín wọn ò ní ògiri tó ga.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà:
Ẹ kú àárọ̀ màmá, ẹ ṣé gan-an. Ohun tí èmi fẹ́ fi kún un rèé, láti Iléṣà níbí. Ẹ rántí I. K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, tí wọ́n fi oyè MBE ti ìlú ọba dá lọ́lá ní 1963. Àwo kéékèèké ló ń ṣe láyé ìgbà yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́ta, orin ti parí, kò sì sẹ́ni tó ní kò kún. Lẹ́yìn ìyẹn ni Obey àti Sunny wá ń fi orin kan gba ojú àwo kan. Bàbá mi àgbà fẹ́ràn méjèèjì, ó ń fi ti Dairo jí láàárọ̀, ó ń fi ti Sunny jẹun alẹ́. Torí náà mo gbà pẹ̀lú Pọ́ǹkì Nìkan.

Èkejì, ọ̀nà kan wà tó gba ilé wa kọjá. Talking Heads, CBGB kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa ṣe Remain in Light ní 1980, àwo Fela ni wọ́n ń gbọ́, Afrodisiac, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní gbangba. Adrian Belew wà lára àwọn tó lu gìtá nínú ẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Belew yìí náà wọ King Crimson, òun àti Robert Fripp lu Discipline, gìtá méjì tó ń há ara wọn mọ́ bí ẹni hun ẹní. Láti Fela dé CBGB, láti CBGB dé King Crimson, láàárín ọdún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ẹ gbọ́ méjèèjì tẹ̀ léra. Tí àbúrò yín bá gbọ́ Discipline tó ní òun ò gbọ́ nǹkan tòun nínú ẹ̀, ẹ wá bá mi wí.

Tí ẹ bá fẹ́ ìtàn gígùn bíi ti Genesis, Zen Arcade ti Hüsker Dü, 1984, àwo méjì, ọmọ kan sá kúrò nílé ó wá rí i pé ìta le ju ilé lọ. Wákàtí 85 ni wọ́n fi ṣe gbogbo ẹ̀ látorí gbígbà dé pípòpọ̀. Èyí tó kẹ́yìn tó ìṣẹ́jú 14, kò sẹ́ni tó kọrin nínú ẹ̀.

Onísípíkà Sábó:
Kò sẹ́ni tó dárúkọ Cardiacs? Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ prog tó ń jẹ́ Gentle Giant, Cardiacs ni kó gbọ́. Sing to God, 1996. Tim Smith tó kọ orin wọn kú ní 2020, ó dùn mí títí dòní.

Ọmọ Lágere:
Mo ti padà dé. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wá ìmọ̀ràn tì.

Àná Sunday la jókòó, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, iná wà láti aago méjì. Marquee Moon, Rattus Norvegicus, Pink Flag ni mo mú, mo yá sípíkà ọ̀rẹ́ mi. Mo kọ́kọ́ fi Pink Flag sí i torí mo fẹ́ kó rí i pé mi ò sá fún kíkúrú. Mi ò fò ìkankan. Ní bíi orin kẹwàá mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí Pọ́ǹkì Nìkan ń sọ, bí orin kan ṣe máa ń dá dúró lójijì tí èyí tó kàn á wá gbé e láti ibòmíì, mo ṣì fẹ́ kí àwọn kan gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sọ fún un, ó ní kò burú. Stranglers, àbúrò mi ló fẹ́ràn ẹ̀ jù, èmi fẹ́ràn kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa obìnrin nínú àwọn orin kan ò tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò fẹ́ fi pa mọ́. Cardiacs, mo gbọ́ ọ lóru lémi nìkan, kò tíì wọlé, ó ń sáré jù mí lọ, mo máa padà sí i.

Marquee Moon ńkọ́. Gìtá Ilódè, òótọ́ lẹ sọ. Nígbà tó dé ibi tó ń gùnkè yẹn, Bàbá tó ti ń sùn láti ìgbà Stranglers jáde síta pẹ̀lú ìró lára, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ìkanlẹ̀kùn yẹn padà dé wọ́n bi àbúrò mi pé "ta ló ń lu gìtá yẹn?" Ó sọ fún wọn. Wọ́n ní kó tún un fi sí i. Àbúrò mi wò mí, èmi náà wò ó, ó sì tún un fi sí i.

Màmá Ìbejì, mo yẹ àpótí wò, Nadir's Big Chance ò sí níbẹ̀. Bàbá ní àwọn rí i ní ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ò jẹ́ káwọn rà á. Mo ti gbà á sórí fóònù fún wọn.

A ò tíì gbọ́ Remain in Light, ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni. Discipline ni mo ti fún un gbọ́ díẹ̀ nínú ẹ̀ lálẹ́ àná nígbà tó ń di ẹrù, ó ní kí n bá òun fi gbogbo ẹ̀ sórí mẹ́mọ́rì tó ń gbé lọ. Àyè ṣì kù lórí mẹ́mọ́rì náà, nǹkan bí álíbọ́ọ̀mù mẹ́fà. Ẹ sọ èyí tí màá fi kún un, kẹ́ ẹ fi ti prog àti ti pọ́ǹkì sí i.