Bíríkì ilẹ̀ pupa: kí ni kí n kọ́kọ́ fi han àwọn bíríkìlà ní Kétu?

Ará Kétu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Bíríkìlà 12 ni mo fẹ́ kọ́ ní bíríkì ilẹ̀ pupa tí a ń fi ẹ̀rọ tẹ̀, èyí tí kì í jẹ sìmẹ́ǹtì púpọ̀, tí a kì í sì í fi igi sun. Ọjọ́ mẹ́ta péré la ní. Wọ́n ní òjò á wẹ̀ ẹ́ dànù. Kí ni kí n fi bẹ̀rẹ̀? Báwo ni mo ṣe máa mọ ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì?

Ọ̀gá Alámọ̀
Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó wọn lọ síbi tí ẹ ti ń wa ilẹ̀. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú kúrò títí gbòǹgbò fi tán, kí ẹ fi asẹ́ olójú mìlímítà 5 sẹ́ tìsàlẹ̀.

Ti sìmẹ́ǹtì: ẹ kan àpótí pákó, gígùn 60 sẹ̀ǹtímítà, fífẹ̀ 4, jíjìn 4. Ẹ fi epo pa inú rẹ̀, ẹ ki ilẹ̀ tútù kún un, ẹ sá a fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó dé. Ilẹ̀ náà máa sún kì. Ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ wọn àlàfo tó ṣẹ́kù. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1.5 sí 3, garawa ilẹ̀ 16 sí sìmẹ́ǹtì 1. Tó bá jẹ́ 3 sí 4.5, 14 sí 1. Tó bá ju 6 lọ, amọ̀ ti pọ̀ jù, ẹ fi yanrìn là á.

Omi ni wọ́n máa ń ṣì jù. Ẹ fọwọ́ di èyí tí ẹ pò, ẹ nawọ́ gbọọrọ, ẹ jẹ́ kó já bọ́ sórí ilẹ̀ líle. Tó bá fọ́ sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó tó. Tó bá tú ká, omi kò tó. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó pọ̀ jù. Ẹ má po ju èyí tó máa tán ní wákàtí kan.

Ìyá Oníbíríkì
Ẹ̀yìn ẹ̀rọ gan-an ni bíríkì ti ń bàjẹ́. Wọ́n á sá a sóòrùn bí amọ̀ lásán, sìmẹ́ǹtì ò sì ní romi mu títí á fi gbó. Abẹ́ ìbòji ni kẹ́ ẹ tò ó sí, ẹ fi ọ̀rá bò ó fún ọjọ́ 7, ẹ máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kó pé ọjọ́ 28 kó tó wọ ògiri.

Fún àwọn tó ń bẹ̀rù òjò, ẹ ti tẹ méjì sílẹ̀ lóṣù kan ṣáájú: ọ̀kan tí ẹ tọ́jú, ọ̀kan tí ẹ sá sóòrùn. Ẹ rì wọ́n sómi mọ́jú, kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ha wọ́n. Èyí tí ẹ sá á máa já bí ìyẹ̀fun sábẹ́ kọ́kọ́rọ́. Èkejì á kàn ní ìlà tín-ín-rín lára.

Ọmọ Àjàṣẹ́
Ẹ mẹ́nu ba òrùlé náà. Amọ̀ ló wà nínú ògiri àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn àgùdà, àwọn tó ti Brazil padà dé, kọ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Bí páànù bá ti jò, tí omi wọ orí ògiri, ibẹ̀ ni wíwó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí ìpìlẹ̀ ga tó 40 sẹ̀ǹtímítà kúrò nílẹ̀, kí etí òrùlé yọ síta tó 80.

Wọ́n á fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì líle mọ ọ́n. Ẹ má gbà. Bí ohun tó so bíríkì pọ̀ bá le ju bíríkì lọ, bíríkì ló máa sán. Ilẹ̀ yẹn náà, tí wọ́n sẹ́ kúnná, ni kí wọ́n fi mọ ọ́n.

Ará Kétu
Ẹ ṣeun gan-an. Àpótí á wà nínú oòrùn láti ọ̀la. Bíríkì mélòó ni àpò sìmẹ́ǹtì kan máa fún wa, tí bíríkì bá jẹ́ 29.5 × 14 × 9.5 sẹ̀ǹtímítà?

Ọ̀gá Alámọ̀
Ní 16 sí 1, bíi 100. Ẹ yọ márùn-ún tí etí wọn máa kán.