Yíya àwòrán òṣèré lábẹ́ iná ìtàgé: ojú ń funfun jù, iná búlúù sì ń pa ìrísí rẹ́

Ìbéèrè

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ àwòrán. Ẹgbẹ́ òṣèré kan ti gbà mí láyè láti máa ya eré wọn, eré tí ìjó àti orin pọ̀ nínú rẹ̀. Kámẹ́rà mi lágbára tó, ẹnu lẹ́ńsì mi sì ń ṣí dé f/2.8 (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ẹnu lẹ́ńsì ń ṣí tó), ṣùgbọ́n àwọn àwòrán náà kò jọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí òṣèré bá dá dúró nínú iná kan ṣoṣo, tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣókùnkùn, ojú rẹ̀ á funfun débi pé ìrísí rẹ̀ á parẹ́. Nígbà tí iná bá di búlúù tàbí pupa, ojú kan náà á di àbàwọ́n pẹrẹsẹ tí a kò ti lè dá imú mọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn àwòrán mìíràn ní ìlà dúdú tó là wọ́n kọjá, bẹ́ẹ̀ n kò rí ìlà kankan lórí ìtàgé nígbà tí mo ń wò ó. Oníjó tó bá fò sókè kì í sì í hàn kedere. Wọn kò gba fíláàṣì láyè, èmi náà kò sì fẹ́ lò ó, nítorí pé ó ń dí òṣèré lọ́wọ́, ó sì ń pa iná tí wọ́n fara balẹ̀ tò rẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ mójú tó?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ kú iṣẹ́. Ojú tó ń funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ mójú tó, torí bí ẹ bá yanjú rẹ̀, èyí tó kù kò ní wúwo mọ́. Kámẹ́rà kò mọ òṣèré yàtọ̀ sí aṣọ ìkélé. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ inú férémù ló ń wọ̀n pọ̀, ó sì ń wá bí àpapọ̀ rẹ̀ yóò ṣe wà láàárín dúdú àti funfun. Nígbà tí òkùnkùn bá gba èyí tó pọ̀ jù nínú férémù, kámẹ́rà á gbà pé ìmọ́lẹ̀ kò tó, á sì máa fi kún un títí òkùnkùn náà á fi rí bí eérú, tí ojú òṣèré tó ti ní ìmọ́lẹ̀ tó tẹ́lẹ̀ á sì jóná. Nítorí náà, ẹ gba ìpinnu yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi í sí Manual, níbi tí ẹ̀yin fúnra yín ti ń yan ohun gbogbo, ẹ ṣí ẹnu lẹ́ńsì dé f/2.8, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iyára ṣọ́tà (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń yára ṣí tó sì ń padé) 1/250 ìṣẹ́jú àáyá àti ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń gbé ìmọ́lẹ̀ tó gbà ga tó) 3200, kí ẹ wá wo iwájú orí àti orí imú òṣèré nínú àwòrán tó bá jáde. Bí ibẹ̀ bá ti funfun tí kò sí àwọ̀ ara nínú rẹ̀ mọ́, ẹ dín ISO kù. Bí ojú bá ṣókùnkùn jù, ẹ fi kún un. Òkùnkùn tó wà lẹ́yìn òṣèré, ẹ jẹ́ kó ṣókùnkùn, nítorí pé bí ẹni tó to iná ṣe fẹ́ kó rí nìyẹn.

Bí iná bá ń yí padà ju bí ọwọ́ yín ṣe lè tẹ̀lé e lọ, ẹ lè lo spot metering, èyí tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ojú kan ṣoṣo dípò gbogbo férémù. Ẹ rántí pé ó fẹ́ sọ ohunkóhun tí ẹ bá dojú rẹ̀ kọ di àwọ̀ àárín. Awọ ara tó dúdú gan-an á wá mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ní láti dín in kù. Èyí tó mọ́lẹ̀ gan-an á ṣú, ẹ ní láti fi kún un.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti ṣe, òun ni pé kí ẹ fẹ́ tẹ́ ẹni méjì lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ọ̀kan wà nínú iná tó ń tẹ̀lé òṣèré kiri, tí ẹnì kejì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wà lára ẹni àkọ́kọ́ lè tó ìlọ́po mẹ́rin ti ẹnì kejì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yan ẹni tí ìran náà dá lé. Bí ẹ bá yà á ní RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì fọwọ́ kàn, ẹ lè fa ẹnì kejì jáde díẹ̀ kúrò nínú òkùnkùn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ojú tó ti jóná kì í padà.

Ní ti oníjó, iyára ṣọ́tà ni ọ̀rọ̀ wà. 1/125 lè tó fún ẹni tó dúró tó ń sọ̀rọ̀, 1/250 fún ẹni tó ń rìn tó sì ń ju ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fò nílò 1/500 ó kéré tán. Ètò tó ń dá gbígbọ̀n dúró nínú lẹ́ńsì tàbí kámẹ́rà kò lè ràn yín lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí pé gbígbọ̀n ọwọ́ yín ló ń dá dúró, kì í ṣe ìrìn oníjó. Bí ẹ bá lè rí lẹ́ńsì 85mm tó ṣí dé f/1.8, ìmọ́lẹ̀ tí yóò gbà wọlé ju ìlọ́po méjì ti f/2.8 lọ. Àmọ́ ó ní ohun tó ń gbà padà: lórí kámẹ́rà full-frame (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀, tóbi bíi férémù fíìmù 35mm), bí òṣèré bá wà ní mítà 5 sí yín, ibi tí yóò hàn kedere láti iwájú sí ẹ̀yìn kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 37 lọ. Ẹni méjì tí kò dúró lórí ìlà kan náà kò ní hàn kedere pọ̀.

Ìdáhùn kejì

Mo fara mọ́ ohun tí ẹni tó ṣáájú mi sọ, ṣùgbọ́n iná búlúù ní ìṣòro tirẹ̀, ó sì yẹ kí a mọ ohun tó fà á. Ojú sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà kún fún àwọn asẹ́ àwọ̀ kéékèèké: ìdajì wọn jẹ́ ti àwọ̀ ewé, ìdá mẹ́rin kan jẹ́ ti pupa, ìdá mẹ́rin kan sì jẹ́ ti búlúù. Bryce Bayer ló ṣe ètò yìí ní ilé iṣẹ́ Kodak, wọ́n sì fún un ní ẹ̀tọ́ oníṣẹ̀dá lórí rẹ̀ ní 1976. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà òde òní ló ṣì ń lò ó. Gílóòbù ìgbà àtijọ́ tí wọ́n fi ọ̀rá aláwọ̀ bò lójú sábà máa ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú àwọn àwọ̀ yòókù yọ́ kọjá. LED búlúù kò rí bẹ́ẹ̀, búlúù nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń tàn. Èyí túmọ̀ sí pé ìdá mẹ́rin kan péré nínú àwọn píksẹ́lì yín (àwọn ojú kéékèèké tí sẹ́ńsọ̀ fi ń gba ìmọ́lẹ̀) ló ń ṣiṣẹ́ gidi. Kámẹ́rà wò ó pé àwọn tó kù ṣófo, ó gbà pé òkùnkùn ni, ó fi ìmọ́lẹ̀ kún un, àwọn ti búlúù sì kún àkúnwọ́sílẹ̀. Píksẹ́lì tó ti kún kò lè sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún wa mọ́, ìdí nìyẹn tí ojú fi di pẹrẹsẹ.

Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé histogram (àtẹ tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pín hàn, èyí tó mọ́lẹ̀ jù wà ní apá ọ̀tún) aláwọ̀ funfun kan ṣoṣo, nítorí pé ó lè dà bíi pé ohun gbogbo wà létòlétò nígbà tí búlúù ti kún tán. Ẹ ṣí èyí tó ya pupa, ewé àti búlúù sọ́tọ̀, kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ kù ní stop kan sí méjì (stop kan ni dídín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì) títí ìlà búlúù kò fi ní kan ògiri apá ọ̀tún mọ́. Àwòrán náà lè ṣókùnkùn lójú yín lórí kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ìrísí ojú á wà nínú rẹ̀. White balance náà, ìyẹn ètò tó ń mú kí funfun rí bíi funfun lábẹ́ iná kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi sílẹ̀ fún kámẹ́rà láti máa yàn láti àwòrán dé àwòrán. Lábẹ́ gílóòbù tungsten, ìyẹn ti ìgbà àtijọ́, 3200K dára. Lábẹ́ búlúù nìkan, kò sí white balance tó lè dá àwọ̀ ara padà, torí pé ìmọ́lẹ̀ tí ì bá gbé àwọ̀ náà wá kò sí níbẹ̀ rárá. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, mo máa ń sọ àwòrán di dúdú àti funfun láìṣiyèméjì bí àwọ̀ náà kò bá ní ohun tó ń sọ nínú ìran. Bó bá ní, mo máa ń fi búlúù náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìlà dúdú tí ẹ rí kì í ṣe àrùn kámẹ́rà. LED púpọ̀ ń dín ìmọ́lẹ̀ wọn kù nípa títàn àti pípa lemọ́lemọ́ ní iyára tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ṣọ́tà electronic, èyí tó ń dákẹ́ jẹ́ẹ́, ń ka sẹ́ńsọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí náà ó ka àwọn ìlà kan nígbà tí iná tàn, ó sì ka àwọn mìíràn nígbà tí ó kú. Ẹ padà sí ṣọ́tà mechanical, ẹ sì dín iyára rẹ̀ kù bí ìran bá gbà á; ìlà náà sábà máa ń dín kù tàbí kó parẹ́. Àwọn kámẹ́rà kan ń jẹ́ kí a yí iyára padà díẹ̀díẹ̀, bíi 1/243.2, títí ìlà á fi lọ. Bó bá jẹ́ iná tó ń ṣẹ́jú pẹ̀lú iná mànàmáná 50Hz ni, ìgbà 100 ló ń ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 1/100 tàbí 1/50 á sì tù ú lójú. Níbi tí iná mànàmáná bá jẹ́ 60Hz, ẹ lo 1/120 tàbí 1/60.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀rọ̀ píksẹ́lì búlúù yẹn ti là mí lójú. Ẹ jọ̀wọ́, ohun méjì ṣì kù: fókọ́ọ̀sì mi máa ń lọ síwá sẹ́yìn láìdúró nínú òkùnkùn, pàápàá nígbà tí wọ́n bá tú èéfín sórí ìtàgé. Ṣọ́tà mechanical náà sì ń pariwo. Ǹjẹ́ kò ní dí àwọn òǹwòran lọ́wọ́?

Ìdáhùn kẹta

Yóò dí wọn lọ́wọ́, ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ ẹgbẹ́ tí mo bá bá ṣiṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá sí ìdánrawò ìkẹyìn, ìyẹn èyí tí wọ́n ti wọ aṣọ eré tí iná sì ti pé. Ariwo kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀, ẹ sì lè rìn láti ìgun dé ìgun. Ní alẹ́ eré gan-an, ẹ tẹ ṣọ́tà nígbà tí ìlù tàbí àtẹ́wọ́ bá ròkè, kí ẹ sì jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ pa àwòrán tó ń yọ lójú kámẹ́rà lẹ́yìn títẹ̀, ẹ sì pa iná kékeré tó ń ran fókọ́ọ̀sì lọ́wọ́, nítorí pé ìtànná rẹ̀ ń kan òṣèré lójú.

Fókọ́ọ̀sì ń wá ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé. Ẹ yan ojú kan ṣoṣo ní àárín, ẹ gbé e lé etí aṣọ lọ́rùn òṣèré tàbí ibi tí irun ti pàdé iwájú orí, kí ẹ má ṣe gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó tẹ́jú. Nínú èéfín, ẹ dúró kí èéfín náà fọ́n ká. Bí iná bá sì wá láti ẹ̀yìn òṣèré nígbà náà, ìtànṣán iná yóò hàn dáadáa nínú rẹ̀, èyí tó rẹwà ju ohun tí ẹ lè ṣe fúnra yín lọ. Bí ẹ bá mọ̀ pé iná fẹ́ di búlúù, ẹ mú fókọ́ọ̀sì nígbà tí iná funfun ṣì wà, kí ẹ sì tì í síbẹ̀.

Láti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ bá ẹni tó ń darí iná sọ̀rọ̀. Ó ní àkọsílẹ̀ ìgbà tí iná kọ̀ọ̀kan yóò yí padà, inú rẹ̀ sì sábà máa ń dùn pé ẹnì kan bìkítà. Ẹ bi í nípa ìran tí iná iwájú tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ yóò ti darapọ̀ mọ́ búlúù tó wá láti ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí àwọ̀ ara àti àwọ̀ ìran pọ̀. Bákan náà, iná iwájú máa ń wá láti òkè, nítorí náà òṣèré tó bá dorí kodò kò ní ní ojú nínú àwòrán, àfi ihò dúdú méjì. Ẹ dúró dìgbà tí àgbọ̀n bá gbé sókè.

Oníjó tó fò ń dúró fún ìwọ̀nba àkókò kúkúrú ní téńté fífò rẹ̀ kó tó máa bọ̀ wálẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ṣáájú bí ojú yín ṣe rí i. Níbẹ̀, 1/320 lè ṣe ohun tí 1/500 ṣe. Akọrin náà, ẹ dúró dè é kó mú makirofóònù kúrò lẹ́nu.

Ibì kan wà tí n kò ti gbà pẹ̀lú ìdáhùn kìíní. Manual dára fún ìran tí iná rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n nínú ijó tí iná ń yí padà ní gbogbo ìgbà, mo fara mọ́ kí a fọwọ́ mú ṣọ́tà àti ẹnu lẹ́ńsì nìkan, kí a fi ISO sílẹ̀ fún kámẹ́rà, kí a sì dín ìmọ́lẹ̀ kù ní stop kan.

Ìdáhùn kìíní

Mo gbà fún yín lórí ijó, bí kámẹ́rà bá ní irú metering tó ń ṣọ́ ibi tó mọ́lẹ̀ jù. Láìsí ìyẹn, stop kan lè má tó nígbà tí òkùnkùn bá pọ̀. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un nítorí pé ẹ̀rù ISO ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwòrán tí a yà sí ISO 6400 tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó sábà máa ń mọ́ ju èyí tí a yà sí ISO 1600 tí a wá ń fa òkùnkùn rẹ̀ sókè lórí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà, pàápàá lórí kámẹ́rà tó ti pẹ́. Wínníwínní orí awọ ara ṣe é dín kù pẹ̀lú ètò kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ oníjó tó ti dàrú kò ṣe é tún ṣe. Ẹ ya ìran kan náà sí ISO 3200 àti 6400 ní ìdánrawò náà, kí ẹ tẹ méjèèjì jáde sórí pépà ní ìwọ̀n tí ẹgbẹ́ òṣèré fẹ́ lò, kí ẹ tó pinnu èyí tí ẹ ó lò lálẹ́ eré.