Ẹ̀yin obìnrin tó ti ṣètọ́jú àwọn sójà wa, ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì, Kárù, Àbújá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní la máa ń rántí àwọn sójà tó bógun lọ, torí ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970. Wọ́n á yìnbọn, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀, àwọn lọ́gàálọ́gàá á gbé òdòdó sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí í dárúkọ àwọn obìnrin tó ń dáná, tó ń di ẹrù, tó ń jókòó ti opó. Ó ń dùn mí. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ níbí.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015, ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Bama àti Gwoza padà lọ́wọ́ Boko Haram. Ọkọ aládùúgbò mi kan, sójà ni, wà ní Konduga ní Borno. Ìyàwó rẹ̀ ní bó bá ti pe òun, kì í béèrè nǹkan mìíràn ju ata lọ. Ìrẹsì lónìí, ìrẹsì lọ́la, ẹnu rẹ̀ ti kú. Bí àwa obìnrin ìjọ ṣe dáwọ́ lé ata dídín nìyẹn.

Ata dídín tó máa dé Borno láìkan kì í ṣe ọbẹ̀ ọjọ́ Sunday o. A ó kọ́kọ́ se tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà lílọ títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà la ó da òróró sí i, iná kékeré, ká máa rò ó láìsinmi títí á fi dúdú díẹ̀, tí òróró á sì yọ sókè. A kì í fi ẹran sí i. Panla gbígbẹ àti edé gígún là ń rò mọ́ ọn. Bí omi bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìgbẹ́yìn rẹ̀ ti bàjẹ́, torí oòrùn tó wà lọ́hùn-ún kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa. Ike oníderí lile la fi ń gbé e. Gàrí àti kúlíkúlì ń lọ nínú ọ̀rá, iná àbẹ́là la fi ń lẹ ẹnu ọ̀rá pọ̀. Àwọn ọmọbìnrin ló mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ: bí iná bá pẹ́ lára rẹ̀, ọ̀rá á lu, bó bá yá jù, ẹnu rẹ̀ á là lójú ọ̀nà.

Àwọn obìnrin Mùsùlùmí àdúgbò gbọ́, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì òróró wá. Nígbà tó yá, ilé Ìyá Àdínnì wọn la wá ń ti dáná, torí àgbàlá rẹ̀ fẹ̀ ju ti ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Kì í sì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ọmọ Tiv kan gba fóònù lọ́wọ́ ọkọ aládùúgbò mi lọ́jọ́ kan, ó ní òun ń fi jẹ búrẹ́dì, ká jọ̀ọ́ má dáwọ́ dúró.

Ọmọ Ọ̀fà, Kàdúná

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì. Ìyá mi tó ti lọ ló ni èyí tí mo fẹ́ sọ. Àkàrà àti ẹ̀kọ ló ń tà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, Kaduna Junction, lọ́dún 1967. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń kó sójà lọ sí Makurdi ń gbà, nípasẹ̀ Kafanchan. Àwọn obìnrin ìlú wa àti ti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń pàtẹ níbẹ̀ fẹnu kò pé bí ọkọ̀ ológun bá ti dúró, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbowó. Àwọn ọmọkùnrin á na abọ́ láti ojú fèrèsé, wọ́n á máa bu ẹ̀kọ sí i títí ọkọ̀ á fi fọn fèrè.

Màámi ní bí ọkọ̀ kan náà bá ń bọ̀ padà, èrò ojú fèrèsé kì í tó tàlọ. Ó sì ní nǹkan mìíràn tí kì í sọ fún gbogbo èèyàn. Obìnrin Ìgbò tí wọ́n jọ ń pàtẹ pọ̀ ti sá lọ lọ́dún 1966, nígbà tí wọ́n ń pa wọ́n nílẹ̀ Hausa níbí. Màámi á fún sójà lóúnjẹ, á súre fún un, á tún máa bẹ Ọlọ́run pé kí ìbọn rẹ̀ má bá ọ̀rẹ́ òun. Títí tó fi kú ló ń béèrè obìnrin yẹn.

Ìyàwó Sójà, Àbújá

Èmi ni wọ́n ràn lọ́wọ́ ní tèmi. Oṣù Kọkànlá ọdún 2018, tí ìròyìn jáde pé wọ́n ti kọlu ibùdó àwọn sójà wa ní Metele, ní Borno, fóònù ọkọ mi ò lọ. Gbogbo bárékè dákẹ́. Àwọn èèyàn ń pè mí, “Ṣé ẹ ti gbúròó wọn?” Wọ́n fẹ́ràn mi ni, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ń gún mi bí abẹ́rẹ́. Màmá kan láti ìjọ wa wá, kò béèrè nǹkan kan. Ó wẹ àwọn ọmọ, ó di irun àgbà obìnrin inú wọn, ó kó aṣọ ẹlẹ́gbin wa lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lójoojúmọ́ títí ọkọ mi fi pè. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ ṣèrànwọ́, irú èyí ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ má béèrè ìròyìn lọ́wọ́ wa. Bó bá wà, a ó sọ.

Àbíkẹ́, Kàdúná

Ẹgbẹ́ wa máa ń kí àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ọsibítù ológun tí wọ́n ń pè ní 44, níbí ní Kàdúná. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ní kí n bá òun pe ìyá òun ní Ìkìrun. Mo gbé fóònù sí i létí. “Màámi, ara mi le, iṣẹ́ ló pọ̀.” Omijé ń dà lójú rẹ̀, mo ń fi ìborùn mi nù ún, ohùn rẹ̀ ò yẹ̀ rárá. Ìyá rẹ̀ ń súre. Mi ò mọ èyí tí mo lè máa sunkún fún nínú àwọn méjèèjì.

Ìyá Ìbejì, Kárù, Àbújá

Àbíkẹ́, Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ náà. Ọ̀pọ̀ yín ti ń béèrè bí ẹ ṣe lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ bá pásítọ̀ tàbí ìmáàmù bárékè tó bá sún mọ́ yín, àwọn ló mọ ẹni tó ń lọ. Ẹ kọ ohun tó wà nínú ike sára rẹ̀, torí wọ́n á tú u wò ní géètì. Ní ti ọsibítù, ẹ bi nọ́ọ̀sì léèrè kí ẹ tó gbé oúnjẹ wọlé. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún lè máà tíì gbọdọ̀ jẹ ata. Sálúbàtà, ọṣẹ àti ṣájà fóònù ni kẹ́ ẹ kó lọ síbẹ̀.