Ẹ̀yin dìsáínà tó ń ṣiṣẹ́ látilé l'Ékòó, kí ló mú iṣẹ́ yín yá?

Ará Yaba:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà tutù. Àwọn ará New York kan ni mò ń bá ṣe áàpù láti Yaba níbí. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn, aago méjì ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa. Tí òtútù bá dé bá wọn, ó di aago mẹ́ta. Tẹ́lẹ̀, ìpàdé ló ń jẹ gbogbo ọ̀sán mi. Wọ́n á ní kí n wá ṣàlàyé ìdí tí bọ́tìnì fi wà nísàlẹ̀, ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ gan-an ò sì ní wá. Tó bá dọ̀la, a tún bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, Loom ni mo fi ń ya fídíò ojú kọ̀ǹpútà mi. Mo ṣí iṣẹ́ náà ní Figma, áàpù tí a fi ń ya iṣẹ́ dìsáìnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mò ń fi máọ̀sì tọ́ka, mò ń sọ̀rọ̀: "Ẹni tó fi ọwọ́ kan di fóònù mú nínú bọ́ọ̀sì, ibí ni àtàǹpàkò rẹ̀ máa dé." Ó tán, mo fi líǹkì ránṣẹ́. Nígbà tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n á wò ó, wọ́n á kọ èsì sí ojú ibi tí ọ̀rọ̀ wà lórí iṣẹ́ náà gan-an. Ìyẹn sàn ju ọ̀gá tó máa kọ ọ́ sórí WhatsApp pé "gbé e sókè díẹ̀" lọ. Gbé kí ni sókè?

Èkejì ni component, ìyẹn apá iṣẹ́ tí a yà lẹ́ẹ̀kan tí a wá ń lò káàkiri. Bọ́tìnì kan ni ìyá, gbogbo ìyókù jẹ́ ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní búlúù yẹn ò wù wọ́n mọ́, ìyá nìkan ni mo máa kùn, àwọn ọmọ á yí padà fúnra wọn. Àmọ́ ẹ má sọ gbogbo nǹkan di component lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o. Oníbàárà tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ á kàn da gbogbo ẹ̀ rú ni.

Ìyá Ìbejì, Súrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́, ará Yaba. Ẹ ò tiẹ̀ dárúkọ iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àfi bíi pé ẹ ò gbé Èkó! Ní March 14, 2024, tí àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já lápá Àbíjàn, tí báńkì pàápàá ò ríṣẹ́ ṣe, iṣẹ́ tèmi ò dúró. Mo ti ṣí fáìlì mi sílẹ̀ kó tó ṣẹlẹ̀, mi ò sì tì í. Figma jẹ́ kí n máa bá a lọ; nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọjú, òun fúnra rẹ̀ ló kó gbogbo ẹ̀ lọ sókè. Fáìlì tí ẹ ò bá ti ṣí tẹ́lẹ̀ ni kò ní dá yín lóhùn. Nítorí náà, kí n tó wẹ fún àwọn ọmọ láàárọ̀, mo ti ṣí gbogbo èyí tí mo máa lò lọ́jọ́ náà. Síìmù oríṣi méjì, ínfátà kékeré, ó tán.

Bàbá Fọ́ńtì, Ìsàlẹ̀ Èkó:
Èmi ò ṣe áàpù. Ìwé ètò ìsìnkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó niṣẹ́ tèmi. Ṣómólú ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, afárá Third Mainland sì wà láàárín wa. Ẹ mọ ohun tójú ń rí níbẹ̀ lọ́jọ́ Friday. PDF ni mo ń fi ránṣẹ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni àmì ohùn. Kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ẹ", ṣùgbọ́n "ẹ́" ò ní tiẹ̀: "ẹ" àti àmì orí rẹ̀ ni wọ́n ń so pọ̀. Fọ́ńtì, ìyẹn ìrísí lẹ́tà, tí kò bá mọ̀ ọ́n so, àmì á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí òfìfo lórí orúkọ olóògbé! Nítorí náà, mo máa ń sọ lẹ́tà di àwòrán kí n tó fi ránṣẹ́, kí ẹ̀rọ Ṣómólú má baà wá fọ́ńtì tí kò ní. Mo sì ti ń yí àwọ̀ sí CMYK, ètò àwọ̀ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ewéko tútù tó ń dán lójú kọ̀ǹpútà, ṣíṣú ló máa ń ṣú lórí pépà. Fáìlì tó ṣeé tún kọ, ẹ tọ́jú ẹ̀ sọ́tọ̀. Alẹ́ tí ẹ̀rọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ẹbí máa ń rántí orúkọ àna kan.

Ará Yaba:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, fọ́ńtì wo lẹ ń lò?

Bàbá Fọ́ńtì, Ìsàlẹ̀ Èkó:
Noto Sans, àbúrò. Tó bá jẹ́ òkú àgbà, Noto Serif.