Ìtàn omíyalé àdúgbò wa ní Òṣogbo: ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwa láńlọ́ọ̀dù tí ilé wa wà lẹ́bàá odò Òkòókò fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n bá wa fẹ gọ́tà, kí wọ́n sì tún kọ́lífáàtì, ìyẹn ojú omi tó gba abẹ́ títì kọjá, ṣe. A fẹ́ kí ìwé náà sọ ọdún tí omi ti wọlé rí, ibi tó dé, àti àwọn ilé tó wà nínú ewu jù. Máàpù tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kun gbogbo àdúgbò ní àwọ̀ kan náà. Àwọn kan tún ń sọ pé bí wọ́n bá ti ṣí dáàmù Lagdo ni kí a máa palẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa ṣe é?

Awọnlẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ yọ Lagdo kúrò. Orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù ló wà, lórí odò Bẹ́núè. Omi rẹ̀ ń gba Makurdi lọ bá odò Ọya ní Lokoja. Odò Ọ̀ṣun ní tirẹ̀, ilẹ̀ Èkìtì ló ti ṣẹ̀, ó gba Òṣogbo kọjá, ọ̀sà Èkó ló ń lọ. Òjò tó rọ̀ sórí wa àti èyí tó rọ̀ lókè odò ni ìṣòro tiwa.

Ohun tó ń ba irú ìwé báyìí jẹ́ jù ni pé wọ́n á pe gbogbo ẹ̀ ní omíyalé, wọn ò ní sọ irú èyí tó jẹ́. Àgbàrá yàtọ̀ sí àkúnya odò. Àgbàrá ń sáré ti òkè wá bí òjò ṣe ń le lọ́wọ́, ó ń wọ́ iyanrìn àti òkúta, ó sì ń tètè lọ. Àkúnya odò ń gòkè díẹ̀díẹ̀, òjò lè ti dá kó tó dé, ó ń fi ẹrẹ̀ kíkúnná sára ògiri, ó sì lè sùn síbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni omi tó ń sun láti abẹ́ ilẹ̀ àkùrọ̀. Gọ́tà fífẹ̀ lè gbà yín lọ́wọ́ àgbàrá. Kò lè gbà yín lọ́wọ́ àkúnya, torí odò á kàn gba inú gọ́tà yẹn padà wá bá yín ni. Bí ẹ ò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ohun tí ẹ ò nílò ni wọ́n á ṣe fún yín.

Ẹ la ìwé yín báyìí: oṣù àti ọdún, ojúlé, bí omi ṣe ga tó ní sẹ̀ǹtímítà, wákàtí tó lò, irú èyí tó jẹ́, ohun tó bàjẹ́. Ẹ má gba “ó dé orúnkún”. Kí ẹni náà fọwọ́ kan ibẹ̀ lára ògiri, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Bí wọn ò bá rántí ọdún, ẹ bi wọ́n: ṣé ṣáájú kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991 ni? Ṣáájú kòrónà ọdún 2020? Ṣé ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo ti kọjá nígbà yẹn? Oṣù kẹjọ la máa ń ṣe ọdún yẹn, ó sì wà láàárín ìgbà méjì tí òjò wa ń le, nítorí náà ìbéèrè yìí máa ń là á. Ẹni méjì tí kì í ṣe ará ilé kan náà ni kó sọ ọ́ kó tó wọ ìwé.

Ẹ bi ìdílé tó ta ilẹ̀ pé kí ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ inú ẹ̀ẹ̀rùn ni, àkùrọ̀ ni.

Bíríkìlà

Kí ẹ tó náwó sí awọnlẹ̀, ẹ lo rọ́bà lẹ́bẹ́ẹ̀lì, ìyẹn rọ́bà olómi tí a fi ń mọ ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ ga àti èyí tó rẹlẹ̀. Rọ́bà funfun tí a ń rí inú rẹ̀, mítà 20. Ẹ fa omi sínú rẹ̀ látinú báàgì tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lókè, kí ó máa ṣàn títí tí ìfófòó kankan ò fi sí nínú rẹ̀ mọ́. Ìfófòó kan ṣoṣo á parọ́ fún yín. Ẹ so ẹnu méjèèjì pọ̀ kí ẹ rí i pé omi dọ́gba, kí ẹ tó pínyà. Ẹ má fi àtàǹpàkò dí ẹnu kankan nígbà tí ẹ bá ń ka á.

Ká ní omi inú rọ́bà fi sẹ̀ǹtímítà 110 ga ju ilẹ̀ lọ ní ilé àkọ́kọ́, tó sì jẹ́ 145 ní ilé kejì: ilé kejì fi 35 rẹlẹ̀ jù. Bí omi tó sùn bá ga tó 40 ní àkọ́kọ́, á tó 75 ní ìkejì. Àmọ́ omi tó sùn nìkan ni ìṣirò yìí wà fún. Ojú àgbàrá tó ń sáré kì í tẹ́jú. Ẹ wọ̀n ọ́n padà dé ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá fi ju sẹ̀ǹtímítà 2 yàtọ̀, ẹ tún un ṣe.

Olùyàmáàpù

Máàpù gíga ilẹ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ń fi ilẹ̀ mítà 30 níbùú lóròó ṣe ojú kan, ó sì lè fi mítà mélòó kan ṣìnà torí pé ó ń ka òrùlé àti igi mọ́ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi kun gbogbo yín ní àwọ̀ kan. Ẹ lò ó láti mọ ibi tí omi ti ń ṣàn wá, kí ẹ má lò ó fún ojúlé.

Ẹ tún lọ wo àwòrán àtijọ́ lórí Google Earth, kí ẹ ka ilé tó ti dé lókè yín. Òjò mílímítà 50 lórí hẹ́kítà kan jẹ́ lítà 500,000, ìyẹn táńkà 50 tó ń gbé 10,000. Ilẹ̀ oko á mu nínú ẹ̀. Páànù àti sìmẹ́ǹtì kò ní mu ún. Nítorí náà, òjò tí kò wọlé lógún ọdún sẹ́yìn lè wọlé lónìí.

Kí ẹ sì wọn kọ́lífáàtì kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ àti bí yanrìn ti dí i tó. Níbi tí ti ìsàlẹ̀ bá ti kéré ju ti òkè, ibẹ̀ ni omi á ti padà sẹ́yìn.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ ṣeun púpọ̀. Bàbá kan ní láti ọgbọ̀n ọdún tí àwọn ti kọ́lé, omi ò wọ ibẹ̀ rí. Ṣé kí a yọ ilé wọn?

Awọnlẹ̀

Ẹ má yọ ọ́. Omi tó ní àǹfààní 1 nínú 100 láti dé lọ́dún kan, àǹfààní rẹ̀ láti dé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan nínú ọgbọ̀n ọdún jẹ́ nǹkan bí 26 nínú 100. Ó túmọ̀ sí pé ó rọrùn kí ọgbọ̀n ọdún kọjá láìrí i. Ẹ fi ilẹ̀ pálọ̀ wọn wé àmì omi tó ga jù ní tòsí. Bí kò bá fi sẹ̀ǹtímítà 60 ga jù ú, ẹ kọ ọ́ mọ́ àwọn tó wà nínú ewu, kí ẹ sì kọ ọ́ pé omi ò tíì dé ibẹ̀.

Ẹ fi kànga àti sọ́kàwéè kún un. Kànga tí ẹnu rẹ̀ rẹlẹ̀ ju àmì omi lọ ń mu omi sọ́kàwéè lọ́jọ́ tí omi bá dé, kọ́lẹ́rà sì lè ti ibẹ̀ wọ ilé tí omi gan-an ò wọ̀.